Ọdẹ́jìnmí Lọ Gba Àtúnṣe Ẹ̀rọ Ìpè ní Ìkọjá Igbó Agbóhùnmì

Ẹ fà mọ́ra. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe, kí ó wú u tán báyìí. N kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdẹ tí ó bá yin ìbọn lẹ́ẹ̀mejì sí ẹran kan, ìyàwó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Èmi náà ti rin igbó. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan rí, mo sì jẹ ẹran tirẹ̀ mọ́ tèmi, kò lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí ó jù mí lọ. Ọdẹ́jìnmí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òkèrúwà. Ìtàn tirẹ̀ ni ẹ óò gbọ́.

Ọdẹ́jìnmí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò mi orí. Bí ejò bá bù ú ṣán, yóò ní, "Ejò ni." Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, obìnrin, Ọdẹ́bùnmi. Ọdẹ́bùnmi wà nílé ọkọ ní Abà Elésèé, lókè odò, níbi tí kò sí ilé ìwòsàn, tí kò sí dókítà. Ilé Agbẹ̀bí ni àwọn ará abà náà gbójú lé.

Ilé Agbẹ̀bí wà láàárín Òkèrúwà. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Tẹniọlá ni ó dá a sílẹ̀. Òwò ni, àánú sì ni. Àwọn agbẹ̀bí a jókòó pẹ̀lú àpò wọn, àwọn ọlọ́kadà a dúró níta, fóònù a wà láàárín. Bí ìrọbí bá mú obìnrin kan ní abà èyíkéyìí, kí wọ́n ṣáà pè, agbẹ̀bí á gun ọ̀kadà, ó di ibẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ náà gbòòrò, Tẹniọlá ra ẹ̀rọ ìpè. Nọ́ńbà kan ni ẹ̀rọ náà ní, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ẹnu kan lọ sọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí, ẹnu kan lọ sí yàrá oògùn, òmíràn lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kadà. Bí ènìyàn bá pè, ohùn obìnrin kan nínú ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Yóò ní, "Ẹ kú ìpè o. Ta nìyẹn?" Ẹni náà yóò fèsì, ẹ̀rọ yóò sì mú un lọ sí ibi tí ó yẹ.

Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n àrùn ń ṣe ẹ̀rọ náà. Ó máa ń ní kí ènìyàn dúró, kí ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó máa ń gbé ohùn lọ, kí ó má gbé ohùn bọ̀. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn láti gbọ́ bí wọ́n bá dé, ẹ̀rọ á gbé ọ̀rọ̀ náà mì káló.

Ní èṣín, ìrọbí mú Ọdẹ́bùnmi. Ọláìtán ọkọ rẹ̀ pe Ilé Agbẹ̀bí. Ó pè, ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó tún pè. Ẹ̀rọ ń kọrin fún un. Orin yẹn ni ó ń gbọ́ títí bátìrì fóònù rẹ̀ fi kú. Ọmọ náà kò yè.

Ọdẹ́jìnmí kò sunkún. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbẹ́ ilẹ̀ kékeré náà.

Ọdún yí po, Ọdẹ́bùnmi tún lóyún. Nígbà tí oyún náà ń sún mọ́ bíbí, Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó lọ sí Ilé Agbẹ̀bí.

"Tẹniọlá," ó ní, "ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?"

Tẹniọlá kúnlẹ̀ kí i. Kò tètè dìde.

"Bàbá Ọdẹ, ojú ń tì mí. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ní àwọn ti tún un ṣe. Wọ́n ní àtúnṣe tuntun ti jáde, ó ti wo gbogbo àrùn rẹ̀ sàn. Ṣùgbọ́n Ìlú Alágbẹ̀dẹ-Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbé, Igbó Agbóhùnmì sì wà láàárín wa. Wọ́n fi ránṣẹ́ títí, igbó ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ní kí Láṣùn ọlọ́kadà lọ gbà á wá, kò dé. Àwọn tí mo rán tẹ̀ lé e náà kò dé."

"Jù ú nù."

"Bí mo bá jù ú nù, Bàbá, ta ni ẹni tí ó wà lábà yóò pè?"

Ọdẹ́jìnmí wo ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ náà ń ṣẹ́jú wínníwínní bí ojú ológbò.

"N ó lọ," ó ní.

Ọlọ́kadà kan rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Ọdẹ! Fóònù ọwọ́ yín gan-an, ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́?"

"Ìwọ náà kò mọ ibi tí ẹran ń gbà wọ igbó," ni Ọdẹ́jìnmí wí, "o sì ń jẹ ẹ́."

"Bàbá, ní ọjọ́ orí yín?" ni Tẹniọlá wí.

"Ọjọ́ orí mi kọ́ ni yóò rìn. Ẹsẹ̀ mi ni."

Ó kọjá lọ sínú igbó. Kò lọ sílé dágbére. Ìdúró ò sí, ìbẹ̀rẹ̀ ò sí fún ẹni tó gbé odó mì.

Igbó Agbóhùnmì kò dà bí igbó mìíràn. Ẹyẹ ibẹ̀ ya ẹnu, o kò gbọ́ nǹkan kan. Ewé já, kò dún. Ọdẹ́jìnmí wúkọ́ kí ó lè gbọ́ ara rẹ̀, igbó sì gba ikọ́ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó fún ìdè ìbọn mọ́ra, ó ń lọ.

Àfi bí ó ṣe gbọ́ orin. Orin náà dùn, ó sì rọ. Ó jáde sí gbangba kan lábẹ́ igi àràbà, ó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìjókòó. Gbogbo wọn fi ọwọ́ kan bo etí kan. Koríko ti hù láàárín ìka ẹsẹ̀ wọn. Ẹyẹ ti yé sórí ẹlòmíràn. Lókè àràbà, iwin kan tí ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èéfín ìdáná ń kọrin:

"Ẹ dúró ná, ẹni iyì,
Ẹni a fẹ́ràn kì í kánjú.
Ẹ dúró ná, ẹni ẹ̀yẹ,
A ń bọ̀, a ti ń bọ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Baba arúgbó kan fi ọwọ́ pe Ọdẹ́jìnmí. "Àbúrò, wá jókòó. Ó kù díẹ̀."

"Kí ni ẹ ń dúró dè?"

"Mo fẹ́ bi wọ́n pé èló ni páànù. Ilé tí n ó gbé ìyàwó wọ̀ ni mò ń kọ́."

"Ìyàwó náà ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó ti di ìyá àgbà nílé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀."

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá gbọ́ orin yẹn, ẹ óò jókòó. Mo ti gba ẹ̀bá ibẹ̀ kọjá rí, mo sì yẹra. Ọdẹ tí kò mọ orin tí ó yẹ kí ó sá fún, orin òkú rẹ̀ kò ní pẹ́.

Orin náà dé orúnkún Ọdẹ́jìnmí. Orúnkún náà fẹ́ tẹ̀. Ó gbé e dúró. Ó gbójú sókè.

"Ìwọ orí igi," ó ní, "ta ló ṣáájú níhìn-ín?"

Iwin náà kọrin títí, ó dákẹ́. Kò sẹ́ni tí ó bi í bẹ́ẹ̀ rí. "Gbogbo yín ni ẹ ṣáájú," ó ní.

"Ẹyọ kan ni iwájú máa ń ní. Ta ló ṣáájú?"

Iwin wo ìsàlẹ̀. Kò mọ̀. Kò wo ẹnì kan lójú rí láti ọjọ́ tí ó ti ń dá wọn dúró. Ọ̀rọ̀ náà sì ti bọ́ sí etí àwọn tí ó jókòó. Baba onípáànù sọ ọwọ́ kalẹ̀ ní etí.

"Èmi ni mo ṣáájú!" ni ó wí.

"Irọ́ lẹ pa, Bàbá! Ẹ̀yìn mi lẹ bá mi!"

"Ta ni ẹ̀yìn rẹ? Ìwọ tí mo fi ojú ara mi rí i nígbà tí o dé, tí o ní kí n bá ọ wo ààyè!"

"Ẹ sún! Ẹ jẹ́ ká tò ó!"

Ariwo sọ. Ọ̀kan di ipò rẹ̀ mú, èkejì ń ka ènìyàn láti iwájú, ẹlòmíràn ń kà láti ẹ̀yìn. Orin náà kò rí ibi gbà mọ́. Ènìyàn tí ó bá mọ ipò rẹ̀ lórí ìlà, orin kò lè tàn án. Koríko já lẹ́sẹ̀ wọn. Iwin náà fẹ́ lọ bí èéfín tí afẹ́fẹ́ rí. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí kọjá, wọ́n ṣì ń jà. Baba onípáànù ni ó ń borí.

Ó dé Ìlú Ẹ-Ń-Gbọ́-Mi. Ẹnu àwọn ará ibẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ìkòkò, ṣùgbọ́n awọ ti bo etí wọn pa. Gbogbo ìlú ń pariwo: "Hẹ́lóò! Hẹ́lóò! Ẹ ń gbọ́ mi?" Kò sí ẹni tí ń gbọ́. Ọkọ ń pariwo mọ́ aya, aya ń pariwo mọ́ ọkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan rò pé èkejì ti yadi.

Wọ́n yí Ọdẹ́jìnmí ká. Olórí wọn yọ àdá. "Ta ni ọ́? Dáhùn! Hẹ́lóò!" Ọdẹ́jìnmí dáhùn. Wọn kò gbọ́. Ní ìlú yẹn, àlejò tí wọn kò gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, ọ̀tá ni. Àdá gòkè.

Ọdẹ́jìnmí rò ó lọ́kàn pé ohùn kọ́ ni a fi ń kí ọba láti òkèèrè. Ó gbé ìbọn sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà lé ilẹ̀, àgbà tí ó tó bẹ́ẹ̀.

Àdá dúró lókè. Ìlú dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí ẹni náà mọ̀ pé wọ́n kí òun. Olórí náà sọ àdá sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Arúgbó obìnrin kan gbé omi wá fún Ọdẹ́jìnmí, ó sì pariwo sí i létí bí ẹni pé odò ni ó wà láàárín wọn.

"Bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ, sọ fún wọn kí wọ́n fún wa ní etí! Ohùn lásán ni wọ́n fún wa!"

Ó mi orí. Ó gbé ìbọn, ó ń lọ.

Nísinsìnyí, ẹ dákẹ́ dáadáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí.

Odi gíga kan ni ó yí Ìlú Alágbẹ̀dẹ-Ọ̀rọ̀ ká, ẹnu ọ̀nà kan ni odi náà sì ní. Òmìrán kan ni adènà rẹ̀. Kò ní ojú. Etí ni gbogbo iwájú orí rẹ̀, etí kan ṣoṣo tí ó fẹ̀ tó ẹní àtẹ́sùn. Ìrìn ti hàn lára Ọdẹ́jìnmí nígbà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Àgò o!"

"Àgò yà," ni adènà dáhùn láti inú. "Ta nìyẹn?"

Ọdẹ́jìnmí dáhùn bí baba rẹ̀ ṣe ń dáhùn, bí ẹ̀yin náà ṣe ń dáhùn.

"Èmi ni."

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ọwọ́ kan tí ó tó ẹ̀ka ìrókò gbé e lọ́rùn.

"Èmi!" ni adènà ké. "Ìwọ tún dé! Ọ̀daràn! Lónìí o pè láti Òkèrúwà, lónìí kan náà o pè láti Abà Elésèé. O di ọkùnrin, o di obìnrin, o di ọmọdé. Ta ni ń pè? Èmi. Ta ló kan ilẹ̀kùn? Èmi. O ń da gbogbo ẹ̀rọ ìpè láàmú, a sì ti sọ fún wọn: bí Èmi bá pè, ẹ ní kí ó dúró, kí ẹ má padà sọ́dọ̀ rẹ̀!"

Ó jù ú sínú àgò irin kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fi ọwọ́ kan ìbọn rẹ̀, ó rò pé ọ̀pá ìtilẹ̀ arúgbó ni, ó jù ú tẹ̀ lé e. Àwọn kan ti wà nínú àgò náà.

"Bàbá Ọdẹ!" Láṣùn ni. Irùngbọ̀n ti bò ó lẹ́nu. "Ẹ̀yin náà sọ ọ́?"

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní èmi ni."

"Kí ni ǹ bá sọ?"

"Òun náà ni gbogbo wa sọ o." Láṣùn nawọ́ sí àwọn yòókù. "Ẹni yìí Èmi, ẹni yẹn Èmi. Mo ní, Ọ̀gá, Láṣùn ni mò ń jẹ́. Ó ní, kí ló dé tí mo fi kọ́kọ́ parọ́?"

Ọdẹ́jìnmí kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ronú kan Ọláìtán ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó rí i bí ó ṣe fi fóònù sétí, tí ẹ̀rọ bi í pé ta nìyẹn, tí ó sì dáhùn bí ọmọ ènìyàn. Nítorí náà ni orin fi bẹ̀rẹ̀.

Ó jókòó. Ó ń wo adènà náà bí a ṣe ń wo ẹran tí kò tíì wọ ibi tí ìbọn tó.

Òmìrán a máa jáde lọ pọn omi ní kànga ìta odi. Kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ta ni yóò wọ ibi tí ó ń ṣọ́? Nígbà tí ó gbé ìkòkò jáde, Ọdẹ́jìnmí ti ẹnu ìbọn gba àárín irin. Ó nà án títí apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fi ti ilẹ̀kùn pa. Ó fi gbé ìdábùú sí i.

Adènà dé. Ó tì í. Kò ṣí. Ó kan án gbà-gbà-gbà.

"Ta nìyẹn?" ni Ọdẹ́jìnmí béèrè.

"Èmi ni!"

Gbogbo ará àgò di ẹnu mú.

"Ẹ̀yin ará," ni Ọdẹ́jìnmí wí, "Èmi ti dé."

"Èmi ni, mo ní!" ni adènà ké. "Èmi tí mò ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà!"

"Ọ̀daràn!" ni Láṣùn lọ́ ohùn fi ké, ẹ̀rín ń pa á kú. "Ìwọ tún dé! Lónìí ọkùnrin, lónìí obìnrin! Dúró síbẹ̀, a ń bọ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé!"

"Ẹ má fi mí ṣeré! Ìwọ ọdẹ, o mọ ohùn mi!"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Ohun tí ọkọ ọmọ mi rò nìyẹn, nígbà tí ó pè yín."

Ìkòkò omi fọ́. Wọ́n gbọ́ bí òmìrán náà ṣe jókòó, ilẹ̀ sì mì. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ọkọ ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Ó dúró. Ọmọ rẹ̀ kò lè dúró."

Adènà ju kọ́kọ́rọ́ àgò náà gba orí odi wọlé. Wọ́n fi ṣí àgò, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un, wọ́n sì gba àgbẹ̀dẹ lọ.

Aṣàtúnṣe ni orúkọ obìnrin tí ó ń darí àwọn alágbẹ̀dẹ. Orí owú ni ó ti ń lu ọ̀rọ̀, pẹ̀lú òòlù tí kò ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó fún Ọdẹ́jìnmí lómi, ó fún un níṣu. Ó mú irin kékeré kan tí ó tó ìka ọmọdé jáde.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn. Àtúnṣe nìyí. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ bọ inú ẹ̀rọ yín, ẹni tí ń dúró á máa gbọ́ iye ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀. Ohùn á lọ, ohùn á sì bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ti gbé mì, á bì í. Èyí tí a fi ń yangàn jù sì wà níbẹ̀: Èmi kò ní lè pè yín mọ́ láé. A ti dí ọ̀nà rẹ̀ pátápátá."

Ọdẹ́jìnmí gbé irin náà padà sórí owú.

"N kò gbà á."

"Kí ló dé?"

"Èmi kì í ṣe ènìyàn kan. Gbogbo wa ni."

Ó ṣàlàyé, kò pẹ́. Aṣàtúnṣe fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Yéè! Nínú ìwé tiwa, a kò fi àmì sí i. A kò mọ̀ bóyá èmi ni tàbí ẹ̀mí ni. A rò pé iwin ni ó ń da yín láàmú." Ó fa irin náà mọ́ra, ó wò ó, ó dà á padà. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti parí, Bàbá. Ẹ mú un lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ènìyàn yín kí wọ́n máa dárúkọ."

"Obìnrin tí ń rọbí kò ní àyè ẹ̀kọ́."

"Ẹ padà wá lọ́dún tí ń bọ̀ nígbà náà, a ó ti ṣe òmíràn."

"Oyún ọmọ mi kò mọ ọdún tí ń bọ̀."

Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Ẹni tí ó ń wọlé ń gba orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ó ń jáde ń gba orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò dìde. Wọ́n fẹ́ iná ẹwìrì sí i lára, kò yẹ̀. Láṣùn ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gba èyí tí wọ́n fún wa." Ó wo Láṣùn. Láṣùn wá jókòó tì í. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Nígbà tí ó ṣe, Aṣàtúnṣe gbé òòlù sílẹ̀, ó wá lóṣòó sí iwájú rẹ̀.

"Ó ń jẹ mí lọ́kàn, Bàbá. Wọ́n bi yín pé ta nìyẹn. Ẹ kò dárúkọ, ẹ kò sọ ilé. Kí ni ó wà nínú èmi ni gan-an?"

Ọdẹ́jìnmí rò ó. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó gùn jù tí ó sọ láyé rẹ̀.

"Bí ọmọ mi bá kan ilẹ̀kùn, mo ní ta nìyẹn, ó ní èmi ni. Bí ó bá dárúkọ fún mi, àyà mi á já. Ǹ bá rò pé a ti jà. Ẹni tí ó ní èmi ni, ó ń sọ fún ọ pé o mọ òun."

Aṣàtúnṣe ń wo iná.

"Nígbà náà," ó ní, "ẹ̀rọ kọ́ ni wọ́n ń dá lóhùn. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ni wọ́n ń dá lóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀." Ó dìde. "Ẹ fẹ́ iná! Ẹni tí ó bá ní èmi ni, kí ẹ̀rọ yà fún un. Kí ó gbé ohùn náà fún ènìyàn lójú ẹsẹ̀."

Òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe padà. Ẹni tí ó ti ṣẹ́gun igbó nígbà àlọ, igbó a máa yà fún un nígbà àbọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ọdẹ́jìnmí gba Ìlú Ẹ-Ń-Gbọ́-Mi kọjá. Ó fi irin náà kan awọ etí arúgbó obìnrin tí ó fún un lómi, arúgbó náà sì jókòó sílẹ̀, ó ń gbọ́ òjò.

Wọ́n wọ Òkèrúwà ní ọ̀sán gangan. Tẹniọlá gba irin náà, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú ẹ̀rọ.

"Bàbá, ẹ̀rọ ní kí a pa òun ná kí àtúnṣe tó lè wọ òun. Bí a bá pa á, ẹnikẹ́ni kò lè pè wá títí yóò fi tàn. Bí ẹnì kan bá wà nínú ìrọbí báyìí ńkọ́? Bí Ọdẹ́bùnmi..."

Ó wo Ọdẹ́jìnmí.

"Pa á," ni Ọdẹ́jìnmí wí.

Ó pa á. Ojú ẹ̀rọ náà ṣú. Àwọn agbẹ̀bí sún mọ́ ọn, àwọn ọlọ́kadà wọlé. Ọdẹ́jìnmí dúró lórí ìdúró. Òógùn ń já bọ́ ní àgbọ̀n rẹ̀, kò nù ún.

Ojú ẹ̀rọ là. Kò tíì sí ẹni tí ó yọ̀ tí ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ọ̀rọ̀ tí ó ti gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́ ń tú jáde, ohùn lẹ́yìn ohùn. Ẹnì kan ń béèrè oògùn. Ẹnì kan ń dúpẹ́ ìbejì. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan tí èémí rẹ̀ ń já:

"Èmi ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ọmọ ló kọ́kọ́ yọ. Ẹ jọ̀ọ́..."

Ọláìtán ni. Èṣín ni. Tẹniọlá na ọwọ́ láti pa á.

"Jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán," ni Ọdẹ́jìnmí wí.

Wọ́n dúró, wọ́n sì gbọ́ ọ tán. Ó gùn. Nígbà tí ó dákẹ́, Tẹniọlá ń sunkún, kò sì sí ẹni tí ó wo ojú ẹnìkejì.

Ìgbà náà ni ẹ̀rọ dún.

"Ẹ kú ìpè o. Ta nìyẹn?"

Ìrora wà nínú ohùn tí ó dáhùn, ó sì kúrú. "Èmi ni."

Ẹ̀rọ kò kọrin. Kò ní kí ó dúró. Ó yà, ohùn náà sì bọ́ sí etí Tẹniọlá.

"Ọdẹ́bùnmi!" ni Tẹniọlá ké. "Má tì í, ọmọ mi! Mí sókè, mí sílẹ̀. Mo ti wà lọ́nà!" Ó ti gbé àpò kí ó tó sọ ọ́ tán. Láṣùn ti tan ọ̀kadà, eruku sì bò wọ́n.

Ọdẹ́jìnmí fi ẹsẹ̀ gba ọ̀nà àbùjá tẹ̀ lé wọn. Odò mù ún dé àyà, ó là á kọjá. Nígbà tí ó dé Abà Elésèé, Ọláìtán wà níta, ó gbá ògiri mú. Àwọn méjèèjì kò kí ara wọn. Wọ́n dúró.

Ilẹ̀kùn ṣí. Tẹniọlá jáde, aṣọ rẹ̀ tutù dé ìgbọ̀nwọ́.

"Obìnrin ni," ó ní. "Ọwọ́ ni òun náà fẹ́ kọ́kọ́ yọ, àlùjànnú ọmọ. Mo yí i."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ní ebi ń pa òun."

Ọdẹ́jìnmí mi orí. Ó tú ìbọn ní èjìká, ó fi í ti ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ mi tán. Ẹni tí ó bá ní irọ́ ni, igbó náà kò sá. Kí ó wọ̀ ọ́ lọ.